Sájẹ́ǹtì Tí Ikọ̀ Rẹ̀ Kò Fọ́: Bí Àmì Ẹ̀yẹ Kan Ṣe Bọ́, Tó sì Padà Wá

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka kan lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun rísáàfù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Texas, láàárín ọdún 2018 sí 2019. N kò ní dárúkọ ẹ̀ka náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Sájẹ́ǹtì ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn, ọmọ Yorùbá ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe jẹun, òru ló sì sábà máa ń wọṣẹ́. Èmi wà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé àwọn sójà, ibi tí gbogbo fọ́ọ̀mù àmì ẹ̀yẹ ti ń kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Mo kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa tó wà nínú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ti ní ènìyàn lábẹ́ wọn, tí wọ́n sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń yẹ́ ẹni tó ṣe dáadáa sí kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà lọ láìní orúkọ. Yin ni yin ni kí ẹni ó ṣe mìíràn, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ rísáàfù, ẹni tó yẹ kí ó yin ni kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe é.

Sójà rísáàfù kì í gbé bárékè. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní ilé, ó ní ọmọ. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù ló máa ń wọ aṣọ ológun, pẹ̀lú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún. Lórí ìwé, òpin ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ìpàdé mẹ́rin: méjì ní Sátidé, méjì ní Sọ́ńdè, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí mẹ́rin. Sójà tó bá pa ìpàdé mẹ́sàn-án jẹ láàárín ọdún kan láìgba àyè, òfin á kà á sí ẹni tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ ọ́ kúrò. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí sójà kan kò bá wá ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti di mẹ́jọ. Bó bá tún sùn gbàgbé ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó parí. Àti pé ogún ọdún tí owó ìfẹ̀yìntì ń bèèrè, ọdún tí sójà bá ní ó kéré tán 50 máàkì, èyí tó ń gbà nípa wíwá sí ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nìkan ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń pa ìpàdé jẹ ń pàdánù ọdún tó ti sìn láìmọ̀.

Nígbà tí wọ́n fi ikọ̀ kékeré kan lé sájẹ́ǹtì yìí lọ́wọ́, ikọ̀ náà ló burú jù ní kọ́ńpìnnì wa, ìyẹn ẹ̀ka ológun tó kó àwọn ikọ̀ wa jọ, ní ti wíwá sí ìpàdé. Ní ọ́fíìsì, nọ́ńbà nìkan la rí. Ní oṣù àkọ́kọ́, sójà mẹ́ta nínú ikọ̀ rẹ̀ ti pa ìpàdé mẹ́jọ tàbí méje jẹ. Nígbà tí ọdún fi yí po, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé ìlà mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tí wọ́n yọ. Àwọn ikọ̀ yòókù pàdánù ènìyàn lọ́dún yẹn kan náà, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, pẹ̀lú òfin kan náà. Sájẹ́ǹtì àgbà tó ń darí ikọ̀ rẹ̀ àti àwọn ikọ̀ mìíràn ló kọ́kọ́ kíyè sí i, ó mú ìwé wíwá sí ìpàdé wá sí ọ́fíìsì wa, ó ní kí a wò ó dáadáa.

Àsìkò tó mú un wá bá ìgbà tí ọ̀gá kọ́ńpìnnì fẹ́ kúrò lórí oyè. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣe àkójọ àmì ẹ̀yẹ, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń wò ni ẹni tó ń lọ àti ipò tó wà. Ọ̀gá tó ń lọ á gba èyí tó tóbi, ìgbákejì á gba èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwé òfin àmì ẹ̀yẹ ológun, AR 600-8-22, sọ ọ́ kedere pé kò sí àmì ẹ̀yẹ tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ń kúrò níbi iṣẹ́, àti pé ohun tí ènìyàn ṣe ni kí a fi díwọ̀n, kì í ṣe ipò rẹ̀. Síbẹ̀, àṣà ti lágbára ju ìwé lọ. Sájẹ́ǹtì wa kò lọ síbì kankan, ipò rẹ̀ kò sì ga, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkójọ àkọ́kọ́. Mo kà á sí ohun tó burú, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Lẹ́yìn tí sájẹ́ǹtì àgbà ti tẹnu mọ́ ọn, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún un. Wọ́n ní kí a dábàá Army Achievement Medal fún un, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981 fún iṣẹ́ tó tayọ, tí lẹ́fútẹ́nántì kọ́nẹ́lì tó ń darí bàtálíọ̀nù (ẹ̀ka tó kó kọ́ńpìnnì mélòó kan jọ) sì ní àṣẹ láti fọwọ́ sí. Lẹ́fútẹ́nántì ọ̀dọ́ kan ni yóò kọ DA 638, fọ́ọ̀mù tí a fi ń dábàá àmì ẹ̀yẹ. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe: ó ránṣẹ́ sí sájẹ́ǹtì náà pé kí ó kọ àwọn ohun tó ti ṣe láàárín ọdún, kí òun lè mú nǹkan jáde nínú rẹ̀.

Ohun tó kọ padà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní òun darí ikọ̀ òun, òun rí i pé wọ́n gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, òun sì tọ́jú ohun èlò. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù pé kí ó fẹ̀ ẹ́ sí i (ní bárékè, Sájẹ́ǹtì ni mo ń pè é, bí a bá ti bọ́ aṣọ, Àǹtí ni), ó ní: "Àbúrò mi, ṣé èmi ni kí n jókòó máa ka iṣẹ́ ọwọ́ ara mi fún ayé gbọ́? Ìwọ tó o bá rí i, kọ ọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn kan létí bí ẹni pé kò fẹ́ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ilé Yorùbá. Ẹni tí a kọ́ pé ẹlòmíràn ló ń kéèyàn ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, kò lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "mo tayọ, mo tayọ" sórí fọ́ọ̀mù. Ìwé òfin gan-an sì wà lẹ́yìn rẹ̀: sójà kò gbọdọ̀ dábàá àmì ẹ̀yẹ fún ara rẹ̀, ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà ni ojúṣe ìdábàá wà lọ́rùn rẹ̀.

Lẹ́fútẹ́nántì kò lọ bá ẹni tó fojú rí i. Ó mú ìlà mẹ́ta náà, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn sí i. Ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù kò ju èyí lọ: pé ó jẹ́ aṣáájú tó ní ìtara, pé ó fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀, pé iṣẹ́ rẹ̀ mú iyì bá ara rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ àti iléeṣẹ́ ológun. Bí ẹ bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ lè fi orúkọ sójà mìíràn sí i, kò ní yàtọ̀.

Bàtálíọ̀nù dá a padà. Wọn kò fọwọ́ sí àmì ẹ̀yẹ náà, wọ́n ní kí a fún un ní ìwé ẹ̀yẹ lásán dípò rẹ̀. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì wọn sì sọ fún wa pé ṣebí ó ti ní mẹ́dàlì rísáàfù láyà tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ìdàrúdàpọ̀ yìí wọ́pọ̀ gan-an. Mẹ́dàlì kan wà tí wọ́n ń fún rísáàfù fún ọdún tí wọ́n sìn, òmíràn wà fún ohun tí wọ́n gbé ṣe. Army Reserve Components Achievement Medal, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, jẹ́ ti ẹni tó fi òótọ́ sìn fún ọdún mẹ́ta léraléra. Armed Forces Reserve Medal, tó wà láti 1950, jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú àmì kékeré tó ní àwòrán aago oníyanrìn: idẹ fún ọdún mẹ́wàá, fàdákà fún ogún, wúrà fún ọgbọ̀n. Wọ́n dára, wọ́n sì yẹ ní fífún, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ń wá tó ń lọ lè gbà wọ́n. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó gbé ikọ̀ tó ń fọ́ dìde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀: mẹ́dàlì wà fún rísáàfù tó bá sìn ní ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì dá òmíràn sílẹ̀ ní 1999 fún iṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀ láàárín àwọn rísáàfù, èyí tí a ń pè ní King's Volunteer Reserves Medal nísinsìnyí, tí wọn kì í fún ju ènìyàn 13 lọ lọ́dún. Àwọn ọmọ wa tó wà nínú rísáàfù ní London mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò fi èyí àkọ́kọ́ dípò èkejì.

Ní ti ọ̀gá bàtálíọ̀nù, n kò dá a lẹ́bi. Ibi tó ń gbé jìnnà sí wa, kò mọ sájẹ́ǹtì náà rí ju ojú lọ. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló lè fi dájọ́, ìwé náà kò sì sọ nǹkan kan fún un. Rísáàfù yàtọ̀ sí sójà gbogbo ìgbà níbí: ní bárékè, ọ̀gá lè rí ọ lójoojúmọ́, òkìkí rẹ lè ṣáájú fọ́ọ̀mù rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní tiwa, fọ́ọ̀mù ni ojú kan ṣoṣo tí ọ̀gá ní.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, ní ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ náà, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń dúró de kí wọ́n tú wọn ká. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ṣì í pè, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó padà sí ìlà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú wa ká ni ọ̀kan nínú àwọn sójà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, wá bá sájẹ́ǹtì àgbà kọ́ńpìnnì. Inú bí i. Ó bèèrè pé ṣé ìwé lásán yìí ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Ọkọ̀ ọmọkùnrin náà ti bàjẹ́ ní ọdún tó kọjá. Ilé ìkẹ́rùsí ló ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ sì ni owó ibẹ̀ pọ̀ jù. Ó ti pa ìpàdé mẹ́jọ jẹ, ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó sì ti dẹ́kun gbígbé fóònù. Sájẹ́ǹtì yìí wá a lọ sí ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ó tó lọ wọṣẹ́ òru tirẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó jókòó, ó fi ìwé ṣírò iye máàkì tó ti ní hàn án, àti iye ọdún tó máa sọnù bó bá jáde báyìí. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ó mú òun lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó ṣàlàyé fún ọ̀gá náà pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1994 dáàbò bo iṣẹ́ sójà rísáàfù nígbà tó bá lọ sí ìpàdé, ṣùgbọ́n kò fi òfin lu ọ̀gá náà lórí. Ó mú kàlẹ́ńdà gbogbo ọdún wá, kí ọ̀gá náà lè mọ òpin ọ̀sẹ̀ tí ọmọkùnrin náà kò ní sí kí ó tó dé. Títí ọmọkùnrin náà fi tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó rí i pé ẹnì kan nínú ikọ̀ gbé e wá. Àwọn méjì yòókù náà ní ìtàn tiwọn: ọ̀kan jẹ́ ìyá tó ń dá tọ́mọ, tí kò rí ẹni bá a mú ọmọ mọ́ra ní òpin ọ̀sẹ̀, èkejì ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ láàárín ìpàdé kan sí èkejì, ní ọjọ́ tí kò sí owó ológun kankan tó ń wọlé fún un.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwé òfin gbà kí a tún àbá tí wọ́n kọ̀ gbé dìde, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tuntun tó lágbára ni a mú wá. A kò lè padà lọ fi ẹ̀bẹ̀ sọ pé ó yẹ kí wọ́n ṣàánú. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà ni ẹ̀rí tuntun.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Mo bẹ àwọn sójà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n má kọ pé ó jẹ́ ènìyàn dáadáa. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí, oṣù tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí wọn ká ní kò wá. Èyí tí ìyá ọmọ náà kọ ló ṣòro jù láti kà. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó sọ pé òun ti kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ kúrò, lẹ́tà náà ṣì wà nínú fóònù òun, ọjọ́ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. A fi ìwé wíwá sí ìpàdé ikọ̀ náà, ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ àti ti ọdún tirẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ọ̀gá kọ́ńpìnnì tuntun, kápúténì kan, kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní pípe sójà tí kò wá jẹ́ ara iṣẹ́ olórí ikọ̀. Òótọ́ ni, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń dábàá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn kí ọ̀gá tó bi í. Sájẹ́ǹtì àgbà tó kọ́kọ́ mú ìwé ikọ̀ náà wá bá wa ló dá a lóhùn. Ó ní ojúṣe olórí ikọ̀ ni láti pe sójà, kí ó sì fi orúkọ ẹni tí kò wá ránṣẹ́. Gbogbo olórí ikọ̀ ló ṣe ìyẹn. Ó tẹ́ ìwé àwọn ikọ̀ yòókù sílẹ̀: wọ́n pè, wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́, wọ́n pàdánù ènìyàn. Ibi tí ojúṣe parí sí nìyẹn. Ilé tó lọ, ilé ìkẹ́rùsí tó dé àti ọkọ̀ tó ṣètò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Kápúténì náà ka ìwé ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú wa, ó sì fọwọ́ sí i.

Fọ́ọ̀mù DA 638 ní àlàfo mẹ́rin fún ohun tí ẹni náà ṣe, àlàfo náà kò sì tóbi. Kíkéré rẹ̀ wúlò, nítorí kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ dídùn. Nínú èkíní a kọ iye sójà tó wà létí ìlà mẹ́sàn-án nígbà tó gba ikọ̀ náà àti iye tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ní ìparí ọdún, pé kò sí ẹni tó lọ. Nínú èkejì, ìrìn rẹ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí àti ohun tó jáde nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ètò tó ṣe fún ìyá ọmọ náà, tí àwọn ikọ̀ mìíràn ti ń lò nísinsìnyí. Nínú ẹ̀kẹrin, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ikọ̀ náà parí nítorí pé wọ́n pé. A kò kọ "ìtara" sí ibì kankan.

Ọ̀gá bàtálíọ̀nù kan náà tó kọ̀ ọ́ ló fọwọ́ sí i. Nínú ìṣírò ìgbéga sí ipò tó kàn, máàkì mẹ́wàá ni mẹ́dàlì náà ń fún sájẹ́ǹtì. Fún ẹni tó ń dú ipò pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò kéré. Sájẹ́ǹtì àgbà kọ̀ pé kí wọ́n tún fún un ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n fi sí, wọ́n sọ fún ẹbí rẹ̀ ṣáájú, ìyá rẹ̀ wá pẹ̀lú gèlè rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ẹni tó ka ìwé náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, ó sì pè é dáadáa. Ọmọkùnrin awakọ̀ náà tún ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an: ó dábàá ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí fún Patriot Award, ìwé ẹ̀yẹ tí ESGR, ẹ̀ka tó ti wà láti 1972 láti bá àwọn agbanisíṣẹ́ rísáàfù ṣe, máa ń fún ọ̀gá iṣẹ́ tó bá ti sójà rẹ̀ lẹ́yìn. Sójà rísáàfù èyíkéyìí lè dábàá, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀.

Láti ìgbà náà, ohun tí a yí padà ní ọ́fíìsì wa kò pọ̀. A kì í dúró de ìgbà tí ọ̀gá bá ń lọ mọ́. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bi àwọn sájẹ́ǹtì àgbà ní ìbéèrè kan: ta ló ràn yín lọ́wọ́ láàárín ìpàdé tó kọjá sí èyí? Mo ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti ẹni tó rí i. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lábẹ́ yín, àti àwọn mìíràn tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní kọ iyì ara wọn sílẹ̀ fún yín. Ẹ má fi ìlà mẹ́ta wọn díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ẹ lọ bá àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá sì kọ̀wé padà pé wọn kò fọwọ́ sí i, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìpinnu náà kí ẹ tó bínú, nítorí ọdún kan tí ẹ ní ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Àsìkò náà ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, nítorí ẹlòmíràn kan. Nígbà tí a ń kó ẹ̀rí sájẹ́ǹtì wa jọ, sójà àgbà kan sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gba ẹ̀mí ẹnìkan là nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. Láàárín ọdún méjì sí ọjọ́ iṣẹ́ ni àbá gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà ológun. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ni kí aṣòfin kan ní Kọ́ńgíréèsì béèrè fún àyẹ̀wò rẹ̀. Méjì nínú àwọn tó rí i ti kúrò nínú iṣẹ́, ìkẹta ti kú. Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣòfin agbègbè rẹ̀, mo sì ń wá àwọn méjì tó kù.